Ògì Tí Adéníran Gbé Wá Sóko Àáró

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á sétí ẹnikẹ́ni tó ń fi agbára ara jẹun nínú ilé yín.

1.

Babáyẹmí, Adéníran àti Oyèdọ̀tun jọ ń ṣe àáró lọ́nà Ọ̀rà. Ẹ mọ bí àáró ṣe rí: wọ́n á ṣiṣẹ́ oko ẹnì kan tán kí wọ́n tó kọjá sí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó kàn ló ń bọ́ àwọn yòókù, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ oúnjẹ àáró wò kó tó fi sẹ́nu.

Ti Adéníran ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó wá ṣọdún. Ó ti ní bí òun bá bá ebè lórí gbogbo ilẹ̀ bàbá wọn, òun á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni ojú Adéníran kò ti kúrò lára ilẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n Babáyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú ibà ni. Ó pẹ́ tó ti di ọkọ́ mú gbẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n máa rọra ṣe é," ó bẹ̀ wọ́n.

Oyèdọ̀tun wo ebè rẹ̀. "Ṣé ebè lò ń kọ nìyẹn, àbí ò ń sin òkú eku?"

Babáyẹmí rẹ́rìn-ín. Adéníran kò rẹ́rìn-ín.

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adéníran lọ hóró oògùn tí àwọn awakọ̀ tírélà kan ń lò kí àárẹ̀ má bàa mú wọn. Ó pò ó mọ́ ògì ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì sọ fún un.

"Mu ún tán. Ara rẹ ò tíì le."

Babáyẹmí mu ún, ó dúpẹ́. Oòrùn ń ràn, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó rẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé ó rẹ òun. Ó kọ ebè kọjá àwọn méjèèjì.

"Ẹ wò ó, òkú eku ti jí," Oyèdọ̀tun wí.

Lọ́jọ́ kẹta, Adéníran tún fún un. Nígbà tó di ọ̀sán, itan Babáyẹmí wú, ó le bí igi. Ó lọ tọ̀ lẹ́yìn igi káṣú, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Wá wo ìtọ̀ mi. Ó dúdú bíi kóòkì."

Adéníran bojú wo ilẹ̀ tó kù.

"Ibà yẹn ló ń jáde lára rẹ. Má sọ fún ìyàwó rẹ, yóò kàn dá ọ dúró sílé ni. Ọ̀la la ó parí."

Babáyẹmí gbà á gbọ́. Ìwọ tó ò ń kà á yìí, ṣé o ò ní gba ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́?

3.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Babáyẹmí kò lè dìde. Adéníran gbé àgbọn wá fún Moríyọ̀, ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Tolú, àárẹ̀ lásán ni. Fún un lómi àgbọn, á fọ ara rẹ̀ mọ́."

Babáyẹmí ń mu omi àgbọn títí di ìrọ̀lẹ́, kò tọ̀ rárá. Ni Moríyọ̀ bá gbé e sórí ọ̀kadà, ó dì í mú látẹ̀yìn, ó di ilé ìwòsàn. Adéníran tẹ̀ lé wọn.

"Báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí?" dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ bi wọ́n.

"N ò mọ̀, dókítà," Moríyọ̀ dáhùn.

Babáyẹmí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ: "Ó dúdú. Mo fi han Adéníran lánàá."

Dókítà ní ẹran ara rẹ̀ ló ń fọ́. Bí ẹran ara bá fọ́, ìdọ̀tí rẹ̀ á dí kíndìnrín, iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iyọ̀ yẹn bá pọ̀ jù, ọkàn ò ní mọ bó ṣe yẹ kó lù mọ́. Omi àgbọn tó ń mu láti àárọ̀ sì kún fún iyọ̀ yẹn.

"Kí ló lò?"

Adéníran kúnlẹ̀. "Mo po oògùn agbára mọ́ ògì rẹ̀."

Babáyẹmí yí orí sí i. "Nínú ògì àáró?"

Wọ́n gún Babáyẹmí lábẹ́rẹ́, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró kí ọkọ̀ tó dé.

"Ká ní ẹ gbé e wá lánàá ni," dókítà wí, "à bá fa omi sí i lára. Ó ṣeé ṣe kó yè."

4.

Nígbà tí àáró kan oko Babáyẹmí, Oyèdọ̀tun àtàwọn ará àdúgbò lọ kọ ebè fún opó rẹ̀. Adéníran náà gbé ọkọ́ dé.

"Ìyá Tolú, mo wá san àáró ọkọ rẹ."

Moríyọ̀ bu ògì sínú abọ́, ó nà án sí i.

"Bọ̀dá Adéníran, ẹ gbà. Ẹ mu ún láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ọkọ mi ṣe mu tiyín."

Adéníran wo abọ́ náà títí. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbà á. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó padà.

Ó dá parí ebè tó kù lóko tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un lóòótọ́. Koríko ẹ̀ẹ̀kan ti bo gbogbo ebè rẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣe àáró, ẹnì kan ò sì lè dá àáró ṣe.

Ẹ̀yin ará mi, bí iṣẹ́ bá le, tí itan tàbí apá yín wú, tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ má pè é ní ibà, ẹ má sì mu omi àgbọn sí i. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má lo oògùn agbára láti fi borí àárẹ̀, torí àárẹ̀ ni ara fi ń bẹ̀ yín. Ìwọ tó o sì ń wá ohun tó o máa pò mọ́ oúnjẹ ẹni tó fọkàn tán ọ, rántí Adéníran: ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.