Ẹ̀ga Lọ Gbé Ìlú Tí Wọn Ò Ti Fẹ́ Ariwo

Àlọ́ mi fò pìrìrì, ó bà lé Ẹ̀ga aláròyé lórí ọ̀pẹ.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti ìlú ńlá dé. "Àǹtí Ẹ̀ga, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ilé hun. Yàrá wà lábẹ́ òrùlé, òjò ò ní pa yín. Ṣùgbọ́n òní ni kí ẹ dáhùn o, onílé ò sì fẹ́ ariwo."

"Ariwo kẹ̀? Èmi tí mi ò kì í sọ̀rọ̀!"

Gbogbo ará ilé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ga bá a lọ, ó wọ yàrá náà, ó panu mọ́. Ọ̀rọ̀ kún un lọ́fun títí ọrùn rẹ̀ fi wú. Àfi bí ológbò onílé ṣe já sínú garawa omi! Ẹ̀ga ò mọ ìgbà tó bú sórin:

Ẹ wá wòran o!
— Jàn-ń-jàn!
Ológbò ń wẹ̀ o!
— Jàn-ń-jàn!

Àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń gbè é. Wọ́n ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọ́n fò dé, wọ́n kún ọ̀pẹ ojúde onílé.

Alápàńdẹ̀dẹ̀ káwọ́ lérí. "Yàrá ti bọ́ o!"

"Ìwọ máa gbébẹ̀," ni Ẹ̀ga wí. "Ta ni ì bá máa gbè mí níbẹ̀?"

Ní báyìí, Ẹ̀ga ń hunlé nílùú ńlá, òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Òjò ń pa wọ́n, wọn ò sì dákẹ́.