Ewúrẹ́ Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Ìwé

Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láàárín ìlú mọ́. Wọ́n ní ìlú tó fẹ́ gba àlejò láti Caracas, olú ìlú, kò gbọdọ̀ máa rùn. Ẹni tó bá ti ní ẹran tẹ́lẹ̀ lè sìn ín títí yóò fi kú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo ẹran ìlú sínú ìwé ńlá kan, àwọ̀ wọn àti àmì ara wọn. Wọn kò rántí kọ ọjọ́ orí. Irú ọgbọ́n tí ìgbìmọ̀ ní nìyẹn.

Akọ̀wé márùn-ún ló ń bójú tó ìwé náà nígbà yẹn. Ẹran ń kú, akọ̀wé ń lọ, títí ó fi ku Wilfrido Colina nìkan. Ìyẹn kò ní kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbagidi, ó ń gbé ìwé náà há abíyá kiri, tó bá sì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, imú ló fi ń wò ó.

Ẹran kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé: ewúrẹ́ funfun opó kan, Doña Eduvigis Chirino, etí òsì dúdú, àmì dúdú kan lórí orúnkún. Wàrà rẹ̀ ni opó náà fi ń ṣe wàràkàṣì tó ń tà fún àwọn tó ń jẹ arepa, ìyẹn àkàrà àgbàdo, láàárọ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Tí ewúrẹ́ náà bá bímọ, á kó wọn ránṣẹ́ sí oko àbúrò rẹ̀, bí òfin ṣe wí. Nereida, aládùúgbò rẹ̀ tó kó dé lọ́dún tó kọjá, ti kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ìgbìmọ̀ pé òórùn ẹran kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ibi tí ewúrẹ́ ń sùn ló fẹ́ rà fi kọ́ ilé ọkọ̀, ó kàn ń dúró de ikú ewúrẹ́ náà ni.

Ewúrẹ́ náà kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Doña Eduvigis ti géètì, ó sì ránṣẹ́ pe Colina kó tó pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ pàápàá.

Colina dé, ó fi bàtà ti òkú ẹran náà, ó pòṣé.

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ohun tó máa ń jẹ. Ó kàn kú ni. Bí ikú bá mọ̀wé kà, kọ lẹ́tà sí i."

"Ẹ ò lè tọ́jú nǹkan kan. Ta ló ti rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i. Má sì wá bú mi nílé mi."

Colina fa téèpù yọ lápò. Ó wọn etí òsì, ó wọn àmì orúnkún, ó wọn ìrù, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Doña Eduvigis yọ ṣùtì sí i. Ó ní ká ní ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ìrù òkú ẹran ló máa fi ìwé tó kà wọ̀n, kì bá tí rán an nílé ìwé. Colina ká téèpù padà sápò. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin òkú náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti parí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí dìgbà náà.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí wàràkàṣì. Nereida kò gbọ́ igbe ewúrẹ́ mọ́, ó bi opó náà láti orí ògiri, opó ní ara ewúrẹ́ náà ni kò yá. Inú Nereida dùn débi pé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì Colina, ó ní irọ́ ni obìnrin náà ń pa, ewúrẹ́ ti kú, kí òfin tètè mú un. Colina fi imú wò ó.

"Ẹ má kọ́ mi níṣẹ́ mi, señora. Mo ti ń bójú tó o."

Lọ́jọ́bọ̀, Nereida rí ọkọ̀ Colina tó ń wọ àgbàlá opó náà, tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbà pé òkú ẹran ni wọ́n wá kó. Kò dúró wo ìyókù, ó lọ pe bíríkìlà kó wá wọn ilẹ̀.

Nígbà tí Colina ti géètì tán, ó ká tapólì kúrò lórí ewúrẹ́ funfun kan tí ọmú rẹ̀ kún, etí òsì dúdú, àmì dúdú lórí orúnkún, ó sì tú okùn ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìkẹta rèé, Doña Eduvigis, ẹ jọ̀ọ́, kí èyí má tún kú mọ́ yín lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá tán nínú ìwé yìí ni iṣẹ́ tèmi náà tán."