Àwọn Ère Tó Sọdá Odò

Odidi ọdún kan ni Látúndé fi kun àwọn ère ọmọ ogun kéékèèké tí yóò fi bá Akínsọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, díje lórí tábìlì. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdíje, ó gbọ́ ìró wínníwínní lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí yóò fi yíjú, àwọn ère náà ti wà lápá ọ̀dọ̀ Akínsọlá, tó jókòó ní òdìkejì tábìlì.

“Ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ lo kó wọn!”

“Èmi kẹ̀? Ọ̀rẹ́, wo odò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn sáàárín tábìlì kí o tó bú mi.”

Látúndé tẹ orí ba. Ipasẹ̀ tín-ín-tìn-ìn tò lọ lójú ọ̀dà tútù náà. Balógun wọn nìkan, tí Látúndé gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ó lè jọ ti òun fúnra rẹ̀, ló ṣẹ́kù.

“Ìwọ kò ní fi mí sílẹ̀,” ni Látúndé wí.

Balógun wò ó, ó sì gbé ẹsẹ̀ sínú odò.