Káàdì Tí Enid Kò Kà Síta

Lọ́sàn-án Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwọn ará abúlé Hallerby máa ń pàdé ní gbọ̀ngán láti wo fíìmù àtijọ́. Bó bá ti parí, tíì á dé, bisikíìtì á dé, olúkúlùkù á sì kọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù náà sórí káàdì láìfi orúkọ sí i, á sọ ọ́ sínú agolo. Enid Thackray ló ń kà wọ́n síta. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì fo káàdì kankan rí.

Fíìmù tọjọ́ yìí yàtọ̀. Abúlé yìí gan-an ni wọ́n ti ya á, lọ́dún 1961. Nínú rẹ̀, àwọn olùsìn Sátánì wọ ẹ̀wù pupa tí ìborí rẹ̀ bo ojú, wọ́n tẹ́ ọmọbìnrin kan sórí òkúta, wọ́n sì gún un lọ́rùn. Avis, àbúrò Enid, ló ṣe ọmọbìnrin náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ bẹ̀bẹ̀ fún ipa yẹn. Avis ni wọ́n mú, wọ́n ní kí Enid máa fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù pupa àwọn òṣèré. Lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ fẹ́ parí, wọ́n bá òkú Avis lórí òkúta kan náà, ọ̀fun rẹ̀ ti ya. Wọ́n mú Pask, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tan iná fún àwọn tó ń ya fíìmù, wọ́n sì yẹgi fún un kí ọdún tó yí po.

Àádọ́ta ọdún ni Enid ti mọ̀ pé kì í ṣe Pask, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Nígbà òtútù tó kọjá, ẹnì kan ti ìwé pélébé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: "Pask kọ́. Mo wà níbẹ̀." Enid kò fi han ọlọ́pàá. Ó fi í sáàárín Bíbélì, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ni fíìmù náà pé kí wọ́n yá òun. Ó dá a lójú pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní lè wo ìran yẹn kó má sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọ̀bẹ wọ ọrùn Avis, aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ojú wọn ni Enid ń wò.

Tíì dé. Enid ṣí agolo.

"'Ọ̀dà lásán ni ẹ̀jẹ̀ yẹn,'" ó kà á. "'Mo fi ogójì ọdún pa ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í dán báyẹn.'"

"Clem!" ni gbogbo wọn pariwo.

"Èmi kọ́ o," ni Clem alápatà dáhùn. "Ó lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ ọ́."

"'Bàtà Sátánì wọn dáa ju ti pásítọ̀ wa lọ.'"

Pásítọ̀ wo bàtà rẹ̀, ó sì fà á sábẹ́ àga.

Pẹ́ńsù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi kọ káàdì keje, irú èyí tí káfíńtà fi ń sàmì sára pákó. "Irọ́ ni igbe yẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n gún lọ́rùn kì í kígbe. Apá ẹni tó gún un ló máa ń rọ̀ mọ́, bí ẹni pé ó fẹ́ kó gba òun."

Enid kò kà á síta. Ó ki káàdì náà sábẹ́ àwọn yòókù, ó sì mú èyí tó kàn. Ní ìlà kẹta, Wilf Sugden, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, tẹjú mọ́lẹ̀. Pẹ́ńsù pẹlẹbẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn etí rẹ̀, níbi tó ti wà láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Wilf," ni Enid wí nígbà tí àwọn ènìyàn ń lọ, "dúró bá mi nu ife."

Nínú ilé ìdáná gbọ̀ngán, Enid ń fọ ife láìká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Kì í ká a, kódà nígbà ooru. Omi ọṣẹ ti rin ín dé ìgbọ̀nwọ́.

"O fo káàdì kan," ni Wilf wí.

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ náà lo kọ ìwé ìgbà òtútù yẹn."

Wilf jókòó. "Ẹ̀yìn ògiri kan nítòsí òkúta yẹn ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo wá wo Avis ni. O mọ̀ bí mo ṣe rí nígbà yẹn, mi ò lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó pa á wọ ẹ̀wù pupa, ìborí ò jẹ́ kí n rí ojú ẹ̀. Ó gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Avis rọ̀ mọ́ apá ẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́ títí ẹran fi ya. Irú àpá yẹn ò lè parẹ́ láéláé. Pask ò ní àpá kankan lára, Enid! Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Dídákẹ́ mi ni wọ́n fi yẹgi fún un."

"Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìyàwó mi ò gbọ́ ọ títí tó fi kú. Ìwọ lẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Tó bá di Mọ́ńdè, mò ń lọ bá ọlọ́pàá." Ó dorí kodò. "Tó o bá fẹ́ gbá mi létí, gbá mi. Ó tọ́ sí mi."

Enid nu ọwọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní atẹ́gùn ń wọlé. Lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀bẹ gígùn tí wọ́n fi ń gé kéèkì.

"O ò fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀," ó ní. "Jẹ díẹ̀ kó o tó lọ."

"O ṣeun, Enid. O ṣàánú mi."

Ó na ọwọ́ gba àwo. Enid gún un lọ́rùn.

Wilf kò kígbe. Ó rọ̀ mọ́ apá aṣọ tútù náà, ó fà á ya, ìka rẹ̀ sì bọ́ sójú àpá èékánná mẹ́rin tí Avis ti fi síbẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.