Oníwáyà Tàbí Oníbátìrì

Kápẹ́ńtà ti ki dírìlì oníwáyà bọ ihò kọ́kọ́rọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi sílẹ̀kùn irin Ìyá Motọ́lání lánàá, èyí tó búra pé ogún erin ò lè já. Motọ́lání, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti yí i tì mọ́ ara rẹ̀ láti inú, nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde lọ ká aṣọ. Bí kápẹ́ńtà ṣe tẹ dírìlì báyìí, iná lọ ní gbogbo Jakande.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ lo oníbátìrì," ni Ìyá Motọ́lání wí.

"Pákó ni tìyẹn. Irin bí eléyìí, oníwáyà ló lè kojú ẹ̀."

"Ẹ ṣáà gbé e wá."

Òógùn tó bọ́ lójú kápẹ́ńtà tó láti fọ mọ́tò méjì.

"Orí àga yín ni mo gbàgbé ẹ̀ sí lánàá."

Motọ́lání rẹ́rìn-ín nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn níbẹ̀: vùùù.