Ohun tí Ẹlẹ́rìí Kò Tíì Sọ

Bí omidan tó pe mínísítà lẹ́jọ́ ṣe ń sọ ọ́ ni akọ̀wé kóòtù ń tẹ̀ ẹ́: ó pe òun sí ọ́fíìsì, ó ní kí òun ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

"Akọ̀wé, ẹ ka ibi tá a dé," adájọ́ wí.

Ogún ọdún nídìí iṣẹ́ akọ̀wé, obìnrin náà ò bù mọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rí. Ó kà á ketekete: "Ó bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀ lé orí fáìlì, ó ní, 'Fọkàn balẹ̀, bàbá ni mo jẹ́ sí ẹ.'"

Lọ́yà mínísítà fò dìde. "Ẹlẹ́rìí ò tíì sọ ìyẹn!"

Omidan náà gbójú sókè wo akọ̀wé. "Ẹ̀yin náà, mà?"

Mínísítà ló rọra fọwọ́ bo aago rẹ̀.