Ẹ̀yìn Etí Òsì

Màámi ò mọ̀ mí mọ́.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?"

Dókítà júwe ọpọlọ wọn fún mi bí ẹni ń júwe ilé: yàrá tí orúkọ wà ti wó, àmọ́ èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ wà ṣì dúró digbí.

Onídìrí ni wọ́n. Mo bá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, mo na òòyà sí wọn.

Ọwọ́ wọn ń lọ geere.

Ó dé ẹ̀yìn etí òsì mi, ó rọ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mi ò ní kan ojú àpá ẹ."

Ọmọ mi! Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò ti gbọ́ ọ.

Àmọ́ kò sí àpá lórí mi.

Àbúrò mi tá a sin lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ló ní i.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí mọ́, Màámi."